Ata jíjẹ ò ní kóoru Sókótó má mú ẹ

Àbúrò tó ní òun ń lọ sin ìlú ní Kébbí, tó ní níwọ̀n ìgbà tóun ti ń jẹ ata rodo bí ẹní ń jẹ ọsàn, ooru ọ̀hún ò lè rí òun gbé ṣe, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, ìgbà tó yá ni àánú ẹ wá ń ṣe mí. Ọ̀rọ̀ témi náà sọ gan-an nìyẹn ní 2012 kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sókótó, tó bá Kébbí pààlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń tì í lẹ́yìn pé òótọ́ ni, pé ẹni tó bá fẹ́ràn ooru ló máa ń fẹ́ràn ata, pé ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí àwọn méjèèjì ti jọ nà mí rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ata ò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Nílé wa, tí ọbẹ̀ ò bá mú kí imú èèyàn máa ṣomi, bàbá mi á ní ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé yìí. Ẹ̀mí tí ò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ, àdúrà oúnjẹ tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ooru ńkọ́? Mo kórìíra ẹ̀ dénú. Tí oòrùn oṣù kẹta bá ti ń mú, orí á máa fọ́ mi, màá máa bínú sẹ́ni tí ò ṣẹ̀ mí, ojú fáànù ni mò ń gbé, tí NẸ́PÀ bá wá mú iná, kẹ́ni kẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi wá jẹ́ òdìkejì pátápátá. Ọkùnrin yẹn lè lọ jókòó síta laago méjì ọ̀sán nínú oṣù kejì kó máa yá oòrùn bí alángbá, á tún ní afẹ́fẹ́ mà ń fẹ́ dáadáa o. Àmọ́ ata báyìí, tàtàṣé lásán tí èmi ò tiẹ̀ kà kún ata, á ti máa ṣe hàà hàà, á máa wá omi kiri. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe sàkarà ni, àfìgbà tí mo dọ́dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà. Màmá ní ọgbẹ́ inú, wọ́n ti ní wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kan ata, ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé kaná nílé yẹn, báyìí ni gbogbo ọmọ ilé ṣe di ẹni tí ò jata. Ilé ọ̀hún ò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé tiwa. Oòrùn kan náà ló ń pa wá o.

Ó dáa, Sókótó. Oṣù kẹta la wọ ìpàgọ́ ní Wamakko, oṣù kẹrin ti bá wa nínú ilé tá a gbà, oṣù kẹrin yẹn lẹ sì ń gbọ́ o, kí òjò tó dé, ọ̀sán á máa lọ sí 41, 42 Celsius bí eré. Páànù ló wà lórí yàrá wa, kò sí sílín. Tóo bá fọwọ́ kan ògiri laago mẹ́wàá alẹ́, ó ṣì gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará àdúgbò gbé ẹní síta, wọ́n ń sùn sójú sánmà tiwọn, àwa kọ́pà ń tijú, a sé ara wa mọ́lé.

Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Rẹ́mọ, òun náà ò kẹ̀rẹ̀ nídìí ata. Ọjọ́ kan ó gbé sítóòfù kẹrosíìnì sínú yàrá yẹn, ó ní àyàmáṣe lòun fẹ́ sè. Ó da epo pupa sínú ìkòkò, ó dé e pa títí epo fi yọ́, ó da àlùbọ́sà sí i, irú tó ti ilé gbé wá, lẹ́yìn náà ata tó ti bọ̀ tó sì fọwọ́ gún. Èéfín ata ká wa mọ́ yàrá, a ń wúkọ́, à ń sín, à ń rẹ́rìn-ín. A jẹ ẹ́ tán, òógùn bò wá láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, a bá jáde síwájú ilé. Haa! Atẹ́gùn gbígbẹ yẹn fẹ́ sí mi lẹ́yìn báyìí, àfi bíi pé ẹnì kan gbé áìsì lé mi lọ́rùn. Ara mi tutù. Mo ní mo ti rójútùú Sókótó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Capsaicin lorúkọ nǹkan tó ń ta nínú ata. Ẹnu iṣan ara wa tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké kan tíṣẹ́ wọn jẹ́ pé tí nǹkan bá ti gbóná ju bíi 43 Celsius lọ, kí wọ́n ṣí, kí wọ́n pariwo iná. Capsaicin á kàn wá ṣí ilẹ̀kùn yẹn gan-an, láìsí iná kankan nílẹ̀. David Julius àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kalifóníà ló rí i ní 1997, òun àti Ardem Patapoutian sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021 lórí irú iṣẹ́ yìí. Torí náà tá a bá ní ata ń jó wa lẹ́nu, a ò purọ́, ọpọlọ gbà pé iná ni, á sì ṣe bó ṣe máa ń ṣe tí ooru bá mú wa, á ní kí òógùn máa jáde, òógùn yẹn tó bá ń gbẹ lára ló ń kó ooru lọ. Tọ́mtọ́m náà, ẹ̀tàn ni, òtútù lòun ń pè, ẹnu ò tutù rárá.

Ibí yìí lẹ máa ti ní, ẹ ẹ̀ rí i, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé! Ẹnu ọ̀nà kan náà ni àlejò ń gbà tí olè náà ń gbà jàre, ìyẹn ò ní kí n fẹ́ràn àwọn méjèèjì.

Èmi wá sọ àyàmáṣe doògùn. Ata láàárọ̀, ata lálẹ́. Mi ò mọ̀ pé omi ara mi ni mò ń ná. Ooru ibẹ̀ gbẹ débi pé òógùn ò ní ráyè kán sílẹ̀, iyọ̀ funfun lo máa kàn rí lọ́rùn aṣọ, o ò ní mọ iye omi tó ti bá a lọ. Ọjọ́ eré ìje níléèwé tí mo ti ń kọ́ ọmọ, mo ti jẹ ìrẹsì oníata láàárọ̀, píọ̀ wọ́tà ẹyọ kan péré ni mo mu, mo dúró sínú oòrùn láti aago mẹ́sàn-án. Nígbà tó máa fi di aago méjìlá, mi ò làágùn mọ́. Ara mi gbẹ, ó gbóná fòò, etí mi ń hó, àwọn ọmọ tó ń sáré wá di méjì méjì lójú mi. Orí yẹ̀pẹ̀ ni mo bá ara mi. Wọ́n gbé mi sábẹ́ igi dongoyárò, nọ́ọ̀sì kan ń da omi sí mi lórí, ó fi aṣọ tútù há mi lábíyá, ìgbà tí mo lajú dáadáa ló pò omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún mi mu díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo jẹ láàárọ̀. Mo sọ fún un. Ó wò mí, ó ní kọ́pà, ata kọ́ ni omi.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù, àwọn tó ni ooru gan-an ò jẹ ata tó wa. Túwó àti ọbẹ̀ kúkà tí ìyá onílé wa máa ń gbé fún wa, ata inú ẹ̀ ò tó èyí tí ìyá mi ń fi sí ọbẹ̀ ọmọdé. Yájì wà lórí súyà lóòótọ́, ìyẹn ń ta, ṣùgbọ́n ìkòkò ojoojúmọ́ ni mò ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn Ọya lọ́hùn-ún lọkọ̀ ti ń kó tàtàṣé àti ṣọ̀ńbọ̀ wá fún wa ní Mile 12! Tó bá jẹ́ ooru ló ń fani mọ́ ata, Sókótó ló yẹ kó máa kọ́ Ìjẹ̀bú. Ẹ sì wo Bhutan lórí òkè Himalaya, ibi tí yìnyín ti ń bọ́, ata ni wọ́n ń jẹ bí ẹ̀fọ́, wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ wàràkàṣì, ema datshi ni wọ́n ń pè é. Kí Columbus tó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ata ti wá, ní 1492, káwọn Potogí tó kó o dé etíkun wa, atare àti ìyẹ̀rẹ́ lèyí tó ń ta lẹ́nu àwọn baba wa. Ooru ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa mú Billing àti Sherman wá, àwọn olùwádìí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ ní 1998 pé àwọn ìlú olóoru ń lo èròjà tó ń ta jù torí pé ó ń pa kòkòrò inú oúnjẹ. Àwọn olùwádìí mìíràn tún un yẹ̀ wò ní 2021, wọ́n kó ìlànà oúnjẹ tó lé ní 33,000 jọ láti oríṣi ilé ìdáná 70, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò dúró.

Lójú tèmi, ìdí abọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, wọ́n á fi omi ṣan ẹran kí wọ́n tó fún ọmọ kékeré, ọjọ́ tí wọn ò bá ṣan tìẹ mọ́, o ti dàgbà nìyẹn. Mo ṣì rántí tèmi, mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ẹran ògúfe, ata ti fún mi lọ́rùn, omi ń bọ́ lójú mi, kọ́ọ̀pù omi wà níwájú mi, mi ò fọwọ́ kàn án torí àwọn ọmọ àǹtí mi ń wò mí. Paul Rozin, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, rí irú ẹ̀ lábúlé kan ní Mẹ́síkò, wọ́n gbé e jáde ní 1980: kò sẹ́ni tó ń fipá fún ọmọ lata, àgbà lọmọ ń wò. Ṣé ẹni kankan wá kọ́ mi ní oòrùn bẹ́ẹ̀? Ẹ wá síbòòji ni wọ́n ń pariwo sí wa lórí.

Ìgbà tí mo padà sí Èkó, mo tún dán ọgbọ́n yẹn wò, orí kunkun. Ọ̀rinrin Èkó ò jẹ́ kí òógùn gbẹ, inú abọ́ ló ń kán sí, ọjọ́ kejì ooru ti sú sí mi lọ́rùn àti lábẹ́ ọmú, pọ́ńdà ni mo fi gbé gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Nítorí náà àbúrò, ata ẹ ò ní ṣiṣẹ́ kankan fún ẹ ní Kébbí, jẹ ẹ́ torí ó dùn. Má dúró de òùngbẹ kóo tó mu omi. Tí ata bá já ẹ ju bó ṣe yẹ, fi omi sílẹ̀, capsaicin ò bá omi ṣe, wá nọ́nò, wàrà kíkan, lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, igbá ló máa wà lórí wọn, kó o fi pa á lẹ́nu. Ra ẹní kan, kó o gbé e síta pẹ̀lú àwọn onílé, má tijú bíi tiwa. Má sì wulẹ̀ di ata rù láti ilé, irú ni kóo dì.