"Ìròyìn kò tó àfojúbà": ṣé ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú ìró kọjá ti ba òwe yìí jẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan ní Kabba ló béèrè pé: bí àwọn onímọ̀ bá lè fi ìmọ́lẹ̀ rí ìró, ṣé òwe "ìròyìn kò tó àfojúbà" ṣì múlẹ̀?

Okun o, àbúrò. Ó múlẹ̀ digbí. Òwe yẹn kò bá ìró jà rárá. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu òmíràn ló ń bá wí. Bí ẹjọ́ ààlà oko bá délé, ẹni tó ní "wọ́n sọ fún mi" kì í pẹ́ sọ tẹnu rẹ̀ tán. Àwọn àgbà á ní ó yá, ká lọ síbẹ̀. Wọ́n á wo ìdí pèrègún tó wà lójú ààlà, bóyá ó ti ta gbòǹgbò dáadáa, àbí àná lẹnì kan rì í mọ́lẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tí o ń sọ yẹn náà, ẹlẹ́rìí tó débẹ̀ ni. Léon Brillouin, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní 1922 pé ìró lè yí ìmọ́lẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Ní 1932 ni wọ́n tó fojú rí i, ní Amẹ́ríkà àti ní Paris. Ìmọ́lẹ̀ náà pín sí ìlà-ìlà nígbà tó jáde, ṣùgbọ́n ìlà náà pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àlàyé tó wà nílẹ̀ kò sì ká a. N. S. Nagendra Nath ló jókòó ti ìṣirò rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ C. V. Raman, ní Bangalore, ní Íńdíà, láàárín 1935 sí 1936.

Ìró tó ń gba inú omi kọjá máa ń fún omi pọ̀ níbì kan, á sì dẹ̀ ẹ́ níbòmíràn. Ìmọ́lẹ̀ ń falẹ̀ díẹ̀ níbi tí omi ti fún, ó ń yá díẹ̀ níbi tó ti dẹ̀. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀ náà; bó bá fi máa jáde lódìkejì, ojú ìgbì rẹ̀ á ti ká kò-gbun-gbùn bíi páànù òrùlé. Ibẹ̀ ni ìlà púpọ̀ yẹn ti ń wá. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìṣirò náà: bí ìró bá ṣe ń le sí i, ìlà àárín á máa ṣú, á kú pátápátá, á tún padà mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí àyè tí ìró gbà bá tín-ín-rín lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ni ìṣirò Nath ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá nípọn, ìlà kan ṣoṣo ló sábà máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ti Bragg nìyẹn. Má fi ọ̀kan dáhùn èkejì nígbà ìdánwò o.