Ṣé Kí N Ta Gìtá Mi, Àbí Kí N Tún Un Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú abala yìí. Gìtá ni mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, mo sì tún máa ń bá ẹgbẹ́ olórin jùjú kan ròde àríyá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lo gìtá oníná kan ṣoṣo, ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú ti Stratocaster, gìtá ilé iṣẹ́ Fender ti Amẹ́ríkà, tí mo rà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ẹ mọ ohun tó ń dà. Ọrùn gìtá náà bá àtẹ́lẹwọ́ mi mu débi pé mo lè dijú ta á. Ṣùgbọ́n ìyọnu mẹ́ta ló ń kó bá mi. Ó máa ń kùn bí oyin nígbàkígbà tí mo bá dákẹ́. Bí mo bá tún ohùn rẹ̀ ṣe tán, tí àwọn okùn bára wọn mu nítòsí orí gìtá, wọn kì í bára mu mọ́ bí ọwọ́ mi bá ti sún wá sí ìhà ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ohùn rẹ̀ máa ń rẹ̀wẹ̀sì, pàápàá jù lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan wá fẹ́ ta Fender Stratocaster àlòkù tí wọ́n ṣe ní Mẹ́síkò fún mi. Iye tó ń pè é jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà owó tí mo fi ra tèmi, mo sì ní láti ta tèmi kí owó náà tó lè pé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa ní gìtá ọmọdé ni mo ṣì ń gbé kiri. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

*– Onígìtá, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ta gìtá yín, ẹ má sì tíì san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ni èkejì. Nínú ìyọnu mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín tún ṣe láàárín wákàtí kan, èkejì máa bá yín dé orí gìtá tuntun bí ẹ kò bá mọ ibi tó ti ń wá, ẹ̀kẹta sì ṣeé ṣe kó má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ gìtá rárá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn okùn tí kò bára mu, nítorí pé òun ló tètè ń mú kí onígìtá rò pé gìtá òun ti bàjẹ́. Lórí Stratocaster àti ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀dà rẹ̀, gígùn okùn láti nut, ìyẹn ike tàbí egungun kékeré tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn, títí dé bridge, ibi tí okùn gbé dúró lára gìtá, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 64.8. Lára àwọn fret, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, ìkejìlá ló pín ìwọ̀n yẹn sí méjì, ní sẹ̀ǹtímítà 32.4, ohùn tí ẹ bá sì gbọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohùn okùn náà gan-an ní ọ̀kítéfù kan sókè. Ṣùgbọ́n bí ìka bá ti tẹ okùn mọ́ ọrùn, okùn náà á tún fà le díẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì ga ju bó ti yẹ lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi irin kéékèèké mẹ́fà sórí bridge, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún okùn kan, tí a lè fi sukudiráífà sún síwá sẹ́yìn. Ẹ ta okùn náà lófìfo, ẹ tún un ṣe dáadáa, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní fret kejìlá kí ẹ sì wo ohun tí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yẹ ohùn wò lórí fóònù yín sọ. Bí ó bá ga jù, ẹ fa irin rẹ̀ sẹ́yìn kí okùn lè gùn sí i. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ tì í síwájú sí ọ̀nà ọrùn. Okùn tuntun ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ yìí o, nítorí okùn tó ti dípẹtà máa ń purọ́, kò sì sí bí a ṣe lè ṣètò gìtá lórí irọ́.

Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ wo ọrùn gìtá náà. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí ẹ bá fà wọ́n dé ohùn, ń fa ọrùn yẹn pẹ̀lú agbára tó lé ní kílò 40, àpò sìmẹ́ǹtì kan kò sì ju 50 lọ. Irin gígùn kan tí wọ́n ń pè ní truss rod ló wà nínú igi ọrùn, òun ló ń kojú agbára náà kí ọrùn má baà tẹ̀ jù. Igi ní tirẹ̀ máa ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó sì tún máa ń tú u sílẹ̀, nítorí náà ọrùn tó gún régé nígbà òjò lè yí padà nígbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àwọn fret á sì máa gún yín lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn torí pé igi ti sún kì ṣùgbọ́n irin kò sún kì. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù ní fret kìíní àti ní fret ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bíi fret keje kò yẹ kó ju ìdá mẹ́rin mílímítà kan lọ, ìyẹn ìnípọn káàdì àdírẹ́sì. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí kò bá sí àlàfo kankan, ẹ yí truss rod ní ìdá mẹ́rin yípo kan, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Ẹni tó bá ń kánjú yí i ló máa ń fọ́ ọ.

Ní ti kíkùn, pickup ni ẹ̀yà tó ń gba ìgbọ̀n okùn tó sì ń sọ ọ́ di iná. Pickup oníwáyà ẹyọ kan, irú èyí tí Stratocaster ń lò láti ọdún 1954 tó ti jáde, jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí a fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún yípo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé, irú wáyà bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba ìgbì iná mànàmáná inú ilé bí èrìgbà rédíò. Iná wa máa ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn, yálà láti ọ̀dọ̀ NEPA tàbí láti inú jẹnẹrétọ̀. Fender tí wọ́n fẹ́ tà fún yín yóò kùn bákan náà, bí pickup mẹ́ta oníwáyà ẹyọ kan bá wà lórí rẹ̀. Ẹ gbé bọ́tìnnì ìyípadà yín, èyí tó ń yan pickup, sí ipò kejì tàbí ìkẹrin, níbi tí pickup méjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí kíkùn bá lọ, ìyẹn ni pé pickup àárín ni wọ́n wé sí òdì, kí méjèèjì lè pa kíkùn ara wọn. Ọgbọ́n yìí náà ni Seth Lover lò nílé iṣẹ́ Gibson ní 1955 nígbà tó so wáyà méjì pọ̀ láti ṣe humbucker, pickup tí kíkùn rẹ̀ kéré. Bí kíkùn bá dín kù nígbà tí ẹ fọwọ́ kan okùn, ohun tó gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ ni. Bébà kọ́pà tí a lẹ̀ mọ́ inú ihò gìtá, tí a sì so mọ́ wáyà ilẹ̀, á túbọ̀ dín in kù. Bí ó bá pọ̀ sí i nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa iná yẹ wáyà ilẹ̀ ibẹ̀ wò kí ẹ tó tún fọwọ́ kan gìtá pẹ̀lú ẹnu lára máìkì, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lèyí. Mo ti ra gìtá kan rí nítorí kíkùn, tí mo sì gbé e lọ sí gbọ̀ngàn kan náà tí èyí tẹ́lẹ̀ ti kùn, tó sì kùn gan-an bíi tẹ́lẹ̀: àtùpà tí wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀ lókè orí wa ló ń dá a sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ ni ohùn tó ń rẹ̀wẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ki wáyà gìtá yín bọ mixer, ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀, tààrà ni? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé kò sí amplifáyà gìtá lórí pẹpẹ. Agbára tí pickup ń mú jáde kò pọ̀. Ẹnu amplifáyà gìtá jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ohm, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná, kì í fa nǹkan lára pickup, ṣùgbọ́n ẹnu mixer sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá ohm, á wá fà á mọ́lẹ̀, ohùn òkè á kú, gìtá á sì dà bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Gìtá olówó gọbọi náà kò ní yọ nínú èyí. DI box kan, àpótí kékeré tó wà láàárín gìtá àti mixer, ló máa tú u sílẹ̀. Bí apá yín bá sì ká amplifáyà kékeré tí máìkì lè dúró níwájú rẹ̀, ó tún sàn ju ìyẹn lọ. Bí owó kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ mi, amplifáyà ni mo máa kọ́kọ́ rà, kì í ṣe gìtá.

N kò sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín gìtá méjèèjì. Ní ilé iṣẹ́ Fender ní Ensenada, tí wọ́n ṣí ní 1987, ìparí iṣẹ́ lórí àwọn fret sábà máa ń dán ju ti olówó pọ́ọ́kú lọ, ọ̀pọ̀ nínú pickup wọn sì ń lo mágínẹ́ẹ̀tì alnico, ìyẹn àdàlù irin, nígbà tí ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú ń lo seramiki tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́. Bí ó bá jẹ́ ohùn yẹn lẹ fẹ́, kò pọn dandan kí ẹ gba gìtá odidi. Ìdè mẹ́rin péré ló mú ọrùn mọ́ ara Stratocaster, nítorí Leo Fender tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fẹ́ kó rọrùn láti tú. Ní 1970, Eric Clapton, gbajúmọ̀ onígìtá ará Gẹ̀ẹ́sì, ra Stratocaster àlòkù mélòó kan ní Nashville, ó ṣa èyí tó dára nínú mẹ́ta, ó tò wọ́n di ẹyọ kan tó sọ ní Blackie. Òun ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní 2004 ní dọ́là 959,500. Ọrùn tiyín, tí ọwọ́ yín ti mọ̀, pẹ̀lú pickup mẹ́ta tó dára àti nut egungun, lè ṣe ohun tí ẹ ń wá ní owó tí kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń pè fún yín.

Ìgbà tí mo máa sọ pé kí ẹ ra tuntun ni bí ọrùn bá ti lọ́ bí okùn ọ̀já, tàbí bí truss rod bá ti dópin tí ọrùn sì ṣì tẹ̀, tàbí bí àwọn fret bá ti jẹ tó fi jẹ́ pé owó tí ẹ máa fi pààrọ̀ wọn ju iye gìtá lọ. Bí iṣẹ́ òde yín bá sì ti pọ̀, gìtá méjì kì í ṣe fàájì; okùn lè já láàárín orin tí àwọn èèyàn ń náwó lé yín lórí. Nítorí náà, bí ẹ bá ra Fender náà, ẹ má ṣe ta èkíní. Owó tí wọ́n máa fún yín lórí rẹ̀ kò ní tó nǹkan, kò sì sí ọrùn tó máa bá yín lọ́wọ́ mu bẹ́ẹ̀ tí ẹ máa rí rà ní iye yẹn.

Ẹ gbé wáyà àti amplifáyà yín lọ wò ó kí ẹ tó sanwó. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè lẹ orúkọ mọ́ igi. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MN, MZ tàbí MX jẹ́ àmì Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n wọ́n lè tẹ òun náà. Ẹ wo ọrùn láti orí bí ẹni tó ń fi ìbọn wo ẹran, kí ẹ sì ta gbogbo fret níkọ̀ọ̀kan. Ní ti ọ̀gá yín, ẹ ní kó dijú lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣètò gìtá yín, kí ẹ fi gìtá méjèèjì ta orin sí i létí.

Ìbéèrè: Oṣù méjì rèé tí mo ti ra gìtá irú Les Paul, àwòṣe ilé iṣẹ́ Gibson, owó rẹ̀ kò kéré, síbẹ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú tí mo mú wá láti ilé ní ọwọ́ mi ń lọ sí. Ṣé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni?

*– Òǹkàwé, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù*

Ìdáhùn: Kò dà bẹ́ẹ̀. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀dà Stratocaster, okùn rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 25.5, ti Les Paul kò ju 24.75 lọ. Àwọn fret súnmọ́ra wọn sí i, okùn sì dẹ̀ lábẹ́ ìka, nítorí náà ìka tó ti mọ ọ̀nà á máa kọsẹ̀. Ẹ fi irú okùn tó nípọn díẹ̀ sí i ju èyí tí ẹ ń lò lórí ti àkọ́kọ́, kí fífà wọn lè jọra, kí ẹ sì gbé gíga okùn sí iye kan náà lórí méjèèjì. Ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ pamọ́ sínú àpò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé òun lẹ ṣì ń wá lẹ́yìn náà, ẹ ta tuntun náà nígbà tó ṣì níye lórí.