Adìẹ mi kò yé mọ́ láti oṣù kẹwàá: ṣé kí n pa wọ́n ni?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Thamesmead ní London ni mò ń gbé. Káńsù fún mi ní ilẹ̀ allotment, ìyẹn ilẹ̀ kékeré tí ará ìlú fi ń dáko, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti àlùbọ́sà síbẹ̀, mo sì ń sin abo adìẹ mẹ́rin ní igun ilẹ̀ náà. Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo rà wọ́n, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yé. Wọ́n yé jálẹ̀ òtútù èṣí, wọ́n yé jálẹ̀ ìgbà ooru. Àfi bí oṣù kẹwàá ṣe dé tí wọ́n dáwọ́ dúró, tí ìyẹ́ sì ń re lára wọn bí ẹni pé ẹnìkan ń tu wọ́n. Àgbàdo ni mo ń fún wọn jù, mo sì ń gbé ìyókù ìrẹsì àti ẹ̀bà wá fún wọn láti ilé. Ẹnìkan sọ pé àìsí àkùkọ ló fà á. Ẹlòmíì ní kí n tan iná sínú ilé wọn. Ọkọ mi ní ká kúkú fi wọ́n se ọbẹ̀ Kérésì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú wọn, màmá. Ẹ bá mi bẹ bàbá kí wọ́n má tíì gbé omi kaná. Adìẹ tó bá ń jẹun, tó ń sáré wá pàdé yín, tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò ṣàìsàn nítorí pé kò yé. Ó ń sinmi ni. Ohun tó dá a dúró wà lójú ọ̀run, kò sí nínú ara rẹ̀.

Nílé, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn la fi ń ka ọdún. Ọ̀sán Èkó kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kúrú: èyí tó gùn jù lọ nínú ọdún kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa kì í fi ro ti ìmọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń sin adìẹ. Ní London, ọ̀sán oṣù kẹfà ju wákàtí 16 ààbọ̀ lọ, ti oṣù kejìlá kì í sì í pé 8. Kì í ṣe ojú nìkan ni adìẹ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń gba agbárí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ wọlé dé ọpọlọ, láti ibẹ̀ sì ni àṣẹ ti ń lọ sí ibi tí ẹyin ti ń dàgbà. Bí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bá ti ń rẹ̀yìn sí nǹkan bí wákàtí 14, àṣẹ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ní Thamesmead, ẹ ti kọjá ibẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó parí.

Ẹ ó ní, ṣebí wọ́n yé ní òtútù èṣí? Ọmọge ni wọ́n nígbà náà. Adìẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé nígbà ìwọ́wé sábà máa ń yé kọjá òtútù rẹ̀ àkọ́kọ́, torí kò tíì tó àkókò tí yóò pààrọ̀ ìyẹ́. Lọ́dún kejì, ìyẹ́ á kọ́kọ́ re, tuntun á sì hù. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Púrótéènì ló pọ̀ jù nínú ìyẹ́, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adìẹ tó ń hun aṣọ tuntun sọ́rùn, púrótéènì wo ló kù tí yóò fi yé ẹyin?

Ibí yìí ni àgbàdo yín ti ń pa wọ́n lára. Àgbàdo dùn mọ́ wọn lẹ́nu, ó sì ń fún wọn ní okun, ṣùgbọ́n púrótéènì inú rẹ̀ kò ju ìdá 8 tàbí 9 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Oúnjẹ oníkóró tí wọ́n ń tà ní layers pellets ní tó 16. Bí adìẹ bá fi àgbàdo yó, kò ní jẹ èyí tó wúlò. Ẹ jẹ́ kí pellets wà níwájú wọn látàárọ̀. Adìẹ kan á jẹ tó gíráàmù 120 sí 130 lóòjọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n wọ̀, ẹ fọ́n ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó ti ń dà nínú wọn lóru, á máa mú ara wọn gbóná. Ẹ tún gbé òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́ kan, òun ni iwe wọn fi ń lọ oúnjẹ, kí ẹ sì gbé ìkarahun òkun tí wọ́n ti fọ́ sínú òmíràn fún ìgbà tí ẹyin bá padà dé. Nǹkan bí gíráàmù 2 kálísíọ́mù ló ń bá èèpo ẹyin kan lọ. Bí adìẹ kò bá rí i jẹ, inú eegun ara rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́.

Ti ìrẹsì àti ẹ̀bà wá kù. Màmá, ẹ dá a dúró lónìí. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Nílé wa, ẹni tó bá da ẹ̀bà nù nígbà tí adìẹ ń bẹ lágbàlá, wọ́n á ní kò mọ ìtọ́jú nǹkan. Ṣùgbọ́n níbí, òfin kọ̀ ọ́: ohunkóhun tó bá ti wọ ilé ìdáná kò gbọ́dọ̀ di oúnjẹ adìẹ, títí kan èèpo iṣu àti ewé tí ẹ ṣà kúrò lára ẹ̀fọ́, àyàfi bí ó bá jẹ́ ilé tí wọn kì í gbé ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà wọ̀ rárá. Ìjìyà ló bí òfin náà. Lọ́dún 2001, àrùn ẹsẹ̀-àti-ẹnu bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fi ìyókù oúnjẹ bọ́ ní Northumberland. Kí ó tó rọlẹ̀, wọ́n ti pa ju mílíọ̀nù 6 ẹran lọ ní Britain. Àwọn àgbẹ̀ kan tí mo bá pàdé níbí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ọdún yẹn kí ojú wọn má ṣe omi. Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bá gé lóko tí ẹ sì jù sí wọn níbẹ̀ láìgbé e délé, ìyẹn kò sí nínú èèwọ̀.

Bí ẹ kò bá sì tíì forúkọ adìẹ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2024, ní England àti Wales, ẹni tó ní adìẹ kan ṣoṣo pàápàá gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ọ̀fẹ́ ni. Òun ni wọ́n fi ń rí yín bá sọ̀rọ̀ bí bird flu, àrùn tó máa ń ran àwọn ẹyẹ, bá wọ àdúgbò. Nígbà tí ìyẹn bá gbóná, ìjọba lè pàṣẹ pé kí gbogbo adìẹ wà lábẹ́ òrùlé; ní òtútù 2022 sí 2023, ó lé ní oṣù márùn-ún tí àwọn adìẹ England kò fi gbọ́dọ̀ jáde. Nítorí náà, ẹ ti bo apá kan ọgbà wọn sílẹ̀ kí àṣẹ tó dé.

Àkùkọ kò bá a dé. Abo adìẹ ń yé láìsí akọ, ẹyin náà kàn kò ní di ọmọ ni. Òfin allotment ti ọdún 1950, tó fún yín láyè láti sin abo adìẹ sórí ilẹ̀ náà, ló yọ àkùkọ sílẹ̀, òun náà ló sì sọ pé kí ẹ má sìn ín fún òwò.

Ní ti iná, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ lórí allotment. Òótọ́ ni pé ó lè mú wọn yé. Ṣùgbọ́n ìsinmi yìí ló ń tún ara wọn ṣe, gílóòbù tó ń gbóná nínú ilé pákó tó kún fún koríko gbígbẹ sì lè jó gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀ lóru. Ẹni tó bá ṣe é dandan, àárọ̀ kùtùkùtù ni kó tàn án. Bí iná bá kú lójijì lálẹ́, adìẹ tí kò tíì gun igi ìwọ̀sùn kò ní ríran gùn ún.

Iṣẹ́ tó kàn yín ní òtútù yìí, ilẹ̀kùn ni. Nínú oṣù kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní òtútù mi kejì nílùú yìí, mo pẹ́ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo ní n ó ti ilé adìẹ bí mo bá dé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ṣáájú mi débẹ̀. Ìyẹ́ nìkan ni mo bá, ti adìẹ mẹ́ta, ó sì dùn mí dọ́kàn títí di òní. Ẹ bá aládùúgbò kan lórí ilẹ̀ yín ṣàdéhùn pé ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ sì fi wáyà tó nípọn, tí wọ́n jó pọ̀, rọ́pò èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹyín kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè já.

Ẹ má fi ọ̀rá dí gbogbo ihò ilé wọn nítorí òtútù. Adìẹ gbára dì fún òtútù ju ọ̀rinrin lọ. Èémí àti ìgbẹ́ wọn ni yóò fi ibẹ̀ tutù, ọ̀rinrin yẹn ló sì ń mú kí ogbe wọn dì. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba òkè jáde, lókè orí wọn. Láràárọ̀, ẹ fọ́ yìnyín ojú omi wọn.

Ìgbà yìí náà ni wọ́n lè ṣiṣẹ́ fún oko yín. Ẹ dà wọ́n sórí ebè tó ṣófo láti oṣù kọkànlá, bí kò bá ti sí àṣẹ pé kí wọ́n wà nínú ilé. Wọ́n á tú u, wọ́n á ṣa ẹyin àwọn ìgbín tí kò ní ìkarahun jẹ, àwọn tó ń ba tẹ̀tẹ̀ yín jẹ́ nígbà ìrúwé. Kó wọn kúrò tó bá di oṣù kejì. Ìgbẹ́ tí ẹ bá gbá nínú ilé wọn, ẹ má dà á sídìí ewédú ní tútù, yóò jó gbòǹgbò rẹ̀, ó sì lè gbé kòkòrò àrùn sórí ewé tí ẹ ó jẹ. Ẹ pò ó mọ́ èérún pákó àti ewé gbígbẹ, kí ó jẹrà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Èyí tí ẹ bá kó jọ lóṣù kọkànlá á ti di ajílẹ̀ dúdú nígbà tí ìrì dídì bá tán nínú oṣù karùn-ún, tí ẹ ó máa gbé ewédú jáde.

Bí ọjọ́ bá ti ń gùn, láti ìparí oṣù kìíní lọ sí oṣù kejì, ẹ máa wo ogbe wọn. Nísinsìnyí ó ti ṣá, ó sì ti sún kì. Tó bá tún pọ́n, tó wú, ẹyin ò jìnnà mọ́. Wọn ò ní yé tó ti èṣí, ẹyin wọn sì lè tóbi jù ú lọ. Bí ooru bá dé, ẹ fi ìwé funfun nu abẹ́ igi ìwọ̀sùn lóru: bí ó bá ní àmì ẹ̀jẹ̀, yòrò ti wọlé, ẹ kọ̀wé sí mi kíá. Bí ìdun ló ṣe ń sá pamọ́ sí àlàfo pákó lọ́sàn-án, ó sì lè gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀.

Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ń ṣù síbì kan, tí kò jẹun, tàbí tó bá di ìparí oṣù kẹta tí ẹyọ kan kò tíì jáde, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran tó wà nítòsí yín.