Àbúrò ọmọ Mọ́pà tó fẹ́ ṣe dókítà ọkàn, gbọ́ tẹnu mi

Okun o, àbúrò. O ní o ń parí háósìjọ́ọ̀bù lọ, o fẹ́ di dókítà ọkàn tó ń ṣe rísáàṣì lórí inflammation, ìyẹn ìjà tí ara máa ń jà tí nǹkan bá pa á lára, àti iṣan ẹ̀jẹ̀, bàbá ẹ wá ń bi ẹ́ pé èló ló wà nínú rísáàṣì. Bàbá ò purọ́ o. Sìnìkì ló máa bọ́ ẹ, rísáàṣì á sì máa jẹ nínú owó sìnìkì. Ti Primary, Part I, Part II, àwọn ìdánwò tó o máa yege kó o tó di dókítà ọkàn, mi ò ní sọ púpọ̀, Part I gbé èmi ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo dìde.

Àmọ́ iṣẹ́ yẹn dùn, mi ò ní tàn ẹ́. Láyé ọjọ́sí ọ̀pọ̀ ń rò pé ọ̀rá ló kàn ń dí iṣan bí ìdọ̀tí ṣe ń dí páìpù, àfi ìgbà tí Russell Ross kọ ọ́ ní 1999 pé ìjà ni ara ń jà nínú ògiri iṣan yẹn. Ní 2017 Paul Ridker àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Boston gbé ìwádìí kan tó ń jẹ́ CANTOS jáde, àwọn tó lé ní 10,000 tí wọ́n ti ní heart attack rí, wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ canakinumab tó ń dín inflammation kù tí ò fọwọ́ kan kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rárá, heart attack, stroke àti ikú ọkàn sì fi bíi 15% dínkù. Ṣùgbọ́n àwọn tí àkóràn pa pọ̀ sí i láàárín àwọn tó gbabẹ́rẹ́. Di ìyẹn mú.

Tèmi rèé. Ìgbà òjò ni, mo ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní agbègbè Kábbà kí n fi wo CRP wọn, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lọ sókè tí inflammation bá wà lára. Màmá kan tó ń ta iṣu, tiẹ̀ jáde ní 38, inú mi dùn bíi pé mo rí wúrà. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní ṣé o wo ibà? Mi ò wò ó. Mo pe màmá padà, wọ́n bọ́ sílípáàsì, wọ́n tú àkísà ańkárá, ojú ọgbẹ́ ọkọ́ rèé lẹ́sẹ̀ wọn, ó ti ń ṣọyún. Ibà, ọgbẹ́, eyín tó ń dùn, gbogbo ẹ̀ ló ń gbé CRP sókè, èyí tó bá ti ju 10 lọ ṣe ni wọ́n ń tún un wò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ò sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kankan sínú ètò mi. Ó lé ní ìdajì ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà tí mo dànù. Ìyókù wà nínú fírísà, dísù jẹnarétọ̀ tán lálẹ́ Friday, nígbà tí mo ṣí i ní Monday, túùbù ń léfòó lórí omi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà má ṣe kọ́pì ìbéèrè àwọn ará Boston. Ẹni tí ibà ń ṣe lọ́dọọdún tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, báwo ni iṣan ẹ̀ ṣe ń rí? Ìwọ lo lè bèèrè ìyẹn, àwọn ará Boston ò gbé láàárín irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ra tẹ́ẹ̀sì ibà kó o tó ra ohunkóhun, kó o sì wá lábù tó ní sólà.

Màmá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ṣá o, ẹsẹ̀ ti jinná, CRP ti wálẹ̀ sí 3. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ kọ́kọ́ gbà ńkọ́, ṣé ẹ ti tà á ni?"