Àgọ́ àyẹ̀wò ọjọ́ kan kò tó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ àwa obìnrin ọjà ti dá owó jọ láti ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún obìnrin 200 lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ kan la fẹ́ pàgọ́ sínú ọjà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì pàgọ́. Owó ìtọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ká ní àyẹ̀wò mú 10 nínú 100, èèyàn 20 nìyẹn. Bí kò bá sí owó tí wọ́n máa fi tọ́jú wọn, ìbẹ̀rù lásán lẹ lọ pín.

Ẹ lọ bá ọ̀gá ìlera ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní ilé ìlera alábọ́dé. Obìnrin 8 lọ́sẹ̀, àwọn 200 á ti tán láàárín oṣù mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì á fi òwú tó ti rẹ sínú omi kíkan (3 sí 5 nínú 100) pa ẹnu ilé ọmọ, á sì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ibi tó bá di funfun lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú, kì í ṣe pé ó ti dà á. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì lè jó o lójú ẹsẹ̀. Òun ni kí ẹ rà. Èyí tó ń lo gáàsì, bí gáàsì bá ti tán, igun yàrá ló ń lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti degbò tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni, kì í ṣe jíjó. Ẹ fi owó ọkọ̀ rẹ̀ kún un.

Omi kíkan kì í ṣe fún àwọn ìyá tó ti lé ní 50 ọdún: ibi tó yẹ ká wò ti wọ inú lọ. Àyẹ̀wò HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, ló yẹ wọ́n, wọ́n sì lè fi òwú gbà á lára fúnra wọn. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ife wò lè ṣe é, katiríìjì nìkan ló yàtọ̀. Ẹ bi ẹ̀ka ikọ́ ife nígbà tí ẹ̀rọ wọn máa ń ráyè. Ẹ má ra katiríìjì rẹpẹtẹ o, ọjọ́ rẹ̀ máa ń kọjá.

Ẹ má fi kọ́bọ̀ ra abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ àti ọmọ tó ń kiri ọjà ló máa ń bọ́ sílẹ̀, torí wọn kì í sí nílé ìwé. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n wà. Ẹ kọ orúkọ wọn, kí ẹ fún nọ́ọ̀sì lówó ọ̀kadà.

Kówó má baà tán, ọmọ ẹgbẹ́ 300 tó ń dá náírà 200 lọ́sẹ̀ á kó ₦3,120,000 jọ lọ́dún. Ẹni mẹ́ta ni kó máa buwọ́ lù ú, kí ọ̀kan wá láti ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù.

Nínú ìwé àyẹ̀wò, ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì lọ́wọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ àti ti ẹni tó fọkàn tán. Ẹni tí ẹ bá fi nọ́ńbà kejì pè, ẹ má sọ èsì fún un o. Ẹ kàn ní kó bá yín pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá.