Ohun Tó Ń Mú Kí Omi Dì Sínú Páìpù Ẹ̀rọ Yìnyín

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín nínú fìríìjì wa ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Omi mímu ṣì ń jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn fìríìjì náà, ṣùgbọ́n àwo tí yìnyín ti ń dì gbẹ. Nígbà tí a pa á mọ́jú, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ kò pẹ́ tó tún fi dúró. Ṣé kí a ra ẹ̀rọ yìnyín mìíràn ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì rà á. Níwọ̀n ìgbà tí omi ń jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn, omi ń wọ inú fìríìjì yín. Páìpù kékeré tó gba ẹ̀yìn fírísà wọlé, tó ń da omi sínú àwo yìnyín, ló ṣeé ṣe jù kí ó dí, bí ó sì ṣe ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ pa á mọ́jú fi hàn pé yìnyín ló dí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ́ yìnyín náà láìwádìí ìdí tí omi fi ń dúró síbẹ̀, yóò tún dì, nítorí pé ó yẹ kí gbogbo omi ti ṣàn sínú àwo kí òtútù tó ká a mọ́nú páìpù.

Fáàfù ẹ̀yìn fìríìjì, lápá ìsàlẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣí omi tó sì ń tì í, ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Iná ló ń ṣí i, ó sì máa ń padé nígbà tí iná bá kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára omi wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ó padé dáadáa; ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fìríìjì ló sì ń sọ pé kí agbára náà má ṣe dín sí 20 psi (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára omi). Bí agbára omi bá kéré jù, tàbí tí ìdọ̀tí há sẹ́nu fáàfù, omi yóò máa kán díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá kán yóò sì máa dì mọ́ ara páìpù títí ihò rẹ̀ yóò fi dí. Bí omi ẹnu ilẹ̀kùn bá ń jáde tín-ín-rín, ẹ pààrọ̀ asẹ́ omi tó bá ti lé ní oṣù 6. Ẹ wo ìwọ̀n òtútù fírísà pẹ̀lú: 18 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius ti tó.

Láti yọ́ yìnyín náà, ẹ yọ wáyà fìríìjì kúrò lára iná, kí ẹ ti omi tó ń wọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ di páìpù náà mú títí yóò fi yọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀bẹ gún un, ẹ má sì tan iná sí i, nítorí pé ike ni púpọ̀ nínú páìpù wọ̀nyí àti ohun tó yí wọn ká.

Lẹ́yìn náà, ẹ nu páìpù náà gbẹ, ẹ gbé ife gbígbẹ sábẹ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá ṣí omi padà, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì ki wáyà bọ iná. Láìsí iná, kò yẹ kí omi kankan kọjá fáàfù. Bí ẹ bá rí omi nínú ife náà lẹ́yìn wákàtí kan, tí agbára omi ilé yín sì tó, fáàfù ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ̀rọ yìnyín yín kò ní àléébù. Bí ife bá gbẹ, ẹ yẹ rọ́bà etí ilẹ̀kùn fírísà wò bóyá atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, kí ẹ sì rí i pé páìpù náà dagẹ̀rẹ̀ dáadáa wálẹ̀ sọ́nà àwo. Yìnyín tó bá kọ́kọ́ jáde, ẹ dà á nù.