Ṣé a lè ra síkúrù oníwọ̀n kan ṣoṣo fún ẹ̀yìn ìyá wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn. Síkúrù mẹ́fà àti kéèjì kan, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi sáàárín eegun, ló wà nínú ìwé owó tí wọ́n fún wa, ṣùgbọ́n ìwọ̀n síkúrù náà kò dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ ra oníwọ̀n kan ṣoṣo níta, pé á dín owó kù. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á o. Eegun màmá ló ń yan síkúrù.

Eegun ọ̀pá ẹ̀yìn márùn-ún ló wà níbi ìbàdí. L1 dé L5 la ń pè wọ́n. Bí a bá wò wọ́n látòkè, wọ́n rí bíi kíndìnrín, wọ́n sì fẹ̀ látọ̀tún sósì ju látiwájú sẹ́yìn lọ. Ọrùn kékeré méjì yọ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni síkúrù ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí mẹ́fà fi jẹ́ ti eegun mẹ́ta. Ọrùn L1 sábà máa ń tín-ín-rín, ti ẹlòmíràn kò tó mílímítà 7. Ti L5 lè fẹ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ó sì dagun sí àárín gan-an. Síkúrù mílímítà 7.5 tó bá L5 mu lè la ọrùn L1, bẹ́ẹ̀ iṣan ìmọ̀lára kan ń kọjá lábẹ́ ọrùn yẹn gẹ́lẹ́. Èyí tó bá sì tín-ín-rín jù, mímì ni yóò máa mì, pàápàá nínú eegun àgbàlagbà.

Kéèjì ni wọ́n ń fi sáàárín eegun méjì, níbi tí tìmùtìmù tó ti bàjẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Ìbàdí wa tẹ̀ wọnú. L5 pàápàá ga níwájú ju ẹ̀yìn lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ kéèjì ṣe ga níwájú. Bí a bá ki èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bọ̀ ọ́, èèyàn lè máa rìn bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Etí eegun ló le jù, àárín rẹ̀ rọ̀. Kéèjì tó kéré tó jókòó sí àárín lè rì wọnú eegun.

Síkáànì CT, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara, la fi ń wọn gbogbo èyí ṣáájú. Síbẹ̀, èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí oríṣiríṣi ìwọ̀n nítòsí, torí ọwọ́ lè rí ohun tí fọ́tò kò fi hàn. Ohun tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni bóyá èyí tí wọ́n bá lò nìkan lẹ máa sanwó fún.